Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Ò Gbọdọ̀ Pè

Àlá kan ni mo lá lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ dákẹ́ ariwo kí n rò ó kó tó fò lọ́kàn mi.

Ẹ ṣáà mọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, mọ́tò pẹlẹbẹ oníjókòó méjì yẹn. Bàbá tó bí bàbá yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, òun àti mọ́tò mẹ́fà mìíràn, orúkọ kan náà ló sì sọ gbogbo wọn. Eré tí wọ́n ń sá, ẹtu ò lè sá a! Kì í ṣe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ wọ́n o. Èmi ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ó ti wà nílé kí n tó wọlé ọkọ, ìyàwó kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ! Ọgbọ̀n ọdún rèé tí Bàbá ti kú, bàbá yín ò fọwọ́ kan irin mọ́. Ó máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Nínú àlá náà, èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń jí orúkọ mọ́tò tó bá ti sùn. Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lókè odò Ògùn, wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi àgbọn kó má baà lọ. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé.

Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Màmá, orúkọ mọ́tò yìí ti sùn jù. Bí ẹ ò bá pè é kí n tó jẹ ẹ̀pà yìí tán, màá pa á rẹ́ nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni ò ní kan irú rẹ̀ mọ́ láyé."

Mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè pè é. Mo bá a nílé ni."

"Mọ́tò?"

"Ṣé mọ́tò ò lè ṣáájú èèyàn dénú ilé ni?"

Ó rò ó, ó ní òótọ́ ni. Ibi tó ti ń rò ó ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Kóòtù náà wá bá a mu gan-an. Ó kúkú wá ń jẹ ẹ̀pà náà tèèpotèèpo.

"Ẹ rọra jẹun o, sà," ni mo wí.

"Òfin ni òfin, Màmá."

Ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá la iná ojú rẹ̀ kan. "Ìyàwó mi, má pe orúkọ yẹn, wàá tẹ́. Èyí tó o fi ń pè mí ńkọ́?"

"Orúkọ àpọ́nlé lásán nìyẹn."

"Ta ló tún ń pè mí ní òmíràn? Láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ, ìwọ nìkan lò ń kí mi láàárọ̀ tó o bá ń gbálẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀pà ku ẹyọ kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi, ẹ jí o. Ilẹ̀ ti mọ́."

Òbúkọ kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì ṣí, tí àwọn mọ́tò tuntun kéékèèké ń yọ jáde, pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè mí ní ìyá. Àwọn wọ̀nyí ò ṣáájú mi délé, mo lè pe tiwọn ní ìpè tó wù mí. Inú mi dùn débi pé mo ń jó níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Bàbá yín ló jí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó na ọwọ́ méjèèjì jìnnà sí aṣọ rẹ̀, ọ́ìlì dúdú ti bò wọ́n dé ìgúnpá.

"Ìyá Mosúnmọ́lá, ibo lo gbé kẹrosíìnì sí? Mo fẹ́ fọwọ́."

Mi ò bi í pé kí ló ń ṣe. Mo bu kẹrosíìnì sínú abọ́, mo sì bá a fọ ọwọ́ náà.