Ẹ̀fẹ̀ Tí Bàdírù Fi Orúnkún Ìyá Rẹ̀ Ṣe

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàdírù dúró níwájú èrò láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹnì kan ṣoṣo ló dún nínú wọn, ikọ́ sì ni ìyẹn náà ń hú. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó ti ń dá sọ níwájú dígí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sọ wọ́n tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì kúrò lórí ìtàgé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Gbọ̀ngàn eré kan ni, nítòsí Circle ní Accra. Lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹgbẹ́ eré tó bẹ̀rẹ̀ eré wọn gan-an, ẹnì kan á kọ́kọ́ jáde ní òun nìkan, á ti fi ẹfun yí ẹnu ká, á máa ṣẹ̀fẹ̀ títí ara èrò á fi yá. Bob ni wọ́n ń pè é. Bob tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, ọ̀gá eré sì ní kí Bàdírù, tó ń kun pátákó fún wọn, wá dán ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ti lọ yẹn, ìtìjú ló sì bá a lọ.

"Kofi, ó ku Sátidé tó ń bọ̀," ni ọ̀gá eré sọ fún un. "Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, padà sídìí ọ̀dà rẹ."

Kofi ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Àdúgbò Nima ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Gá, ó gbọ́ Twi, Yorùbá rẹ̀ ló máa ń kọsẹ̀. Lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́n tí í sọ fáyé pé Yorùbá lòun. Alata ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, ìjọba sì ti pàṣẹ pé àlejò tí kò bá níwèé kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àárín oṣù ààwẹ̀ ni wọ́n pa àṣẹ náà. Àwọn tó bí ọmọ tó bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n ń ta ìkòkò tí ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Sẹ̀kínátù, kò lọ. Ọṣẹ, súgà àti mílíìkì alágolo ló ń tà ní ọjà Odawna. Kùmásí ni wọ́n bí i sí, ojú rẹ̀ kò ní ilà, kò sì tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ní kó padà sí. Ọkọ rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú Accra, ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ fún koríko. Abena tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ló bá a tú ìborùn, tó fún un ní orúkọ Akosua, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé àbúrò òun ni. Twi Sẹ̀kínátù mọ́ gaara. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìtìjú yẹn, Bàdírù lọ sí àdúgbò Sabon Zongo lọ́dọ̀ Bàbá Sàká. Ogójì ọdún ni Sàká fi ṣẹ̀fẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, ní Hausa, ní Twi, ní Yorùbá. Bàdírù bá a tó ń di okùn mọ́ àpótí, nítorí ọ̀la ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí," ni Bàdírù wí. "Bí wọ́n bá dákẹ́ báyìí, ńṣe ló ń dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Bóyá mi ò ní i lára."

"Ta ló ní in lára?" ni Sàká dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tí o gbọ́ nínú rédíò lo lọ ń sọ fún wọn. Àwọn náà ò ní rédíò ni? Ilé rẹ ni kó o lọ wò. Ohun tí ojú ń tì ọ́ láti sọ nílé rẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà."

"Bí wọ́n bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

"Kí ìwọ náà dákẹ́. Wọn ò ní jẹ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ èrò kò pa ẹnikẹ́ni rí, ọmọ mi. Ohun tí aláwàdà ń wí nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ bá ń bà á lẹ́rù, òun ló ń pani." Ó fa okùn náà le. "Lóṣù tí a wà yìí, jọ̀ọ́, fi ọ̀rọ̀ Alata sílẹ̀. Ọjọ́ ikú erin là á rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Má fi tìrẹ kún un."

Bàdírù bínú díẹ̀. "Bàbá, ẹ ní kí n sọ ti ilé mi, ẹ tún ní kí n má sọ ti Alata. Kí wá ni ilé mi?"

Sàká dúró. Ó wo inú yàrá tó ti ṣófo. "Ẹni tí mo pa lẹ́rìn-ín títí ó fi da omi sára lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wá gbé bẹ́ẹ̀dì mi láàárọ̀, kò wo ojú mi. Mi ò mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Ogójì ọdún, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìmọ̀ràn náà kò dùn mọ́ Bàdírù. Ó ní arúgbó tí wọ́n lé nílùú ni, ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ̀n tó wù ú nínú ìmọ̀ràn ló mú, ó fi ìyókù sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe.

Sátidé pé. Ó jáde, ẹfun yí ẹnu rẹ̀ ká, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro, ti awakọ̀ tí kò ní bíréèkì. Èrò ń wò ó. Ó sọ ti obìnrin tó gbé ewúrẹ́ wọ ọkọ̀. Wọ́n ṣì ń wò ó. Ọkùnrin kan yán, ó sì yán an títí. Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Kofi, lọ kun pátákó o!" Ìyẹn ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí.

Òógùn bo Bàdírù. Ọ̀gá eré ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìtàgé. Ibi tí Sàká ti ní kó dákẹ́ gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti lanu.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó wí ní Twi, "ẹ ń wá Alata kiri, ẹ ń wo ojú, ẹ ń béèrè ìwé. Ìyà ń jẹ yín lásán! Alata mìíràn wà tó gbọ́ Twi jù yín lọ. Ẹ wá arúgbó kan, ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Kó kí ìyá tí ẹ bá fura sí, 'Maame, maakye.' Ẹnu ìyá á dáhùn bí ọmọ Kùmásí. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ò gbọ́ Twi! Orúnkún Alata, ilé ló ti kàwé!"

Ló bá ṣe é fún wọn. Ó fọwọ́ òsì di ìró tí kò ró mú, ó rẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kejì gbé e sókè, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bú u ní Twi, orúnkún ò gbọ́, ó fi dé ilẹ̀. Bí Sẹ̀kínátù ti ń kúnlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kò sí ohun tó kù tí kò fi hàn wọ́n.

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń lu àga, wọ́n ń lu ara wọn. Obìnrin tó ní kó lọ kun pátákó ń nu omi ojú. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀gá eré dì mọ́ ọn lẹ́yìn ìtàgé, ó ń pariwo pé, "Bob wa rèé!" Ká má purọ́, inú Bàdírù dùn. Ó rìn délé ní Nima láìmọ̀ pé òun ń rìn, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń mu kókó láti ṣínu, ó sì bá a mu ún.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní ẹnu ọ̀nà àgbo ilé wọn, ó rí àwọn gìrìpá mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀ orúnkún náà. Ọ̀kan di arúgbó, ọ̀kan di ìyá. Ẹnì kẹta kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká tiẹ̀ dán an wò ní Odawna lọ́la. Ìsọ̀ pọ̀ níbẹ̀ tí èèyàn lè gbà."

Ní ìdájí Ajé, nígbà tí ìyá rẹ̀ jẹ sààrì tán, ó ní, "Màámi, ẹ má lọ sọ́jà lónìí."

"Kí ló dé? Ara mi ò yá ni?"

"Bí arúgbó kan bá kí yín," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀."

Sẹ̀kínátù rẹ́rìn-ín. "Àgbà á kí mi, kí n nà gbọọrọ bí òpó iná? Ta ló sọ irú ìyẹn fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ níta ni."

Irọ́ kékeré ni. Bó bá sọ pé ẹ̀fẹ̀ òun ni, ìyá ì bá bú u, ì bá sunkún, ṣùgbọ́n ì bá jókòó sílé. Ó gbé igbá ọṣẹ rẹ̀, ó lọ.

Bàdírù tẹ̀ lé e lọ sọ́jà pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó dúró síwájú ìsọ̀ aláṣọ kan tó kọjú sí ti ìyá rẹ̀, ó ń kun pátákó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kó kùn. Kò pẹ́, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní ìlà kejì. Ó ń sọ, ó ń dákẹ́, ó tún ń sọ. Nígbà tó yá, wọ́n yọ sí ìlà tiwọn, nǹkan bí ọ̀dọ́ ọkùnrin mẹ́wàá, obìnrin mẹ́rin ti wà láàárín wọn tó ń sunkún.

"Àbúrò mi ni," Abena ti sọ kí wọ́n tó dúró.

Wọ́n kí Sẹ̀kínátù. Ó dáhùn, kò mira. Òmíràn kí i, ó tún dúró gbagidi. Bàdírù rí i pé ó rántí ohun tí òun sọ, ara rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ni wọ́n bá yà, wọ́n ti bàbá kan síwájú. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, kò jọ ẹni tó mọ ohun tí wọ́n mú un wá ṣe.

"Maame, maakye," ni bàbá náà wí, ó sì fi ọ̀yàyà wí i.

Bàdírù rí ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀ tó lọ síbi ìró. Ó lè kígbe. Ẹnu tó dún lọ́jọ́ Sátidé, kò dún lọ́jọ́ Ajé. "Yaa agya," ni Sẹ̀kínátù dáhùn ní Twi tó mọ́ gaara, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀.

Bàdírù mọ ẹ̀rín tó sọ. Òun ló bí i. Bàbá arúgbó na ọwọ́ láti gbé ìyá náà dìde, ó ń bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ti Bàdírù kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Sẹ̀kínátù ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú obìnrin mẹ́jọ mìíràn tí wọ́n fi orúnkún mú. Abena di aṣọ díẹ̀ fún un, ó ń sunkún ju ẹni tó ń lọ. Bàdírù ní òun á bá wọn lọ.

"Rárá," ìyá rẹ̀ wí láti orí ọkọ̀. "Wọn ò mọ̀ ọ́ sí Alata níbí. Dúró, kó o máa tu koríko orí bàbá rẹ. Ìwọ nìkan lo wá kì mí nílọ̀, Bàdírù. Èmi ni mi ò gbọ́."

Bàdírù la ẹnu láti sọ ọ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń wọ̀, àwọn obìnrin tó ti gbààwẹ̀ láti àárọ̀ sì ti tẹ́ ọwọ́ àdúrà. Sẹ̀kínátù ló gbà á fún wọn.

"Ọlọ́run, ìwọ lo mọ ẹni tó fi wá hàn. Ẹni tó fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ pa èèyàn lẹ́rìn-ín, má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ jẹun yó mọ́."

"Àmín!" ni àwọn obìnrin ké.

"Bó bá ní ìyá láyé, má jẹ́ kó fojú kàn án mọ́ títí ọjọ́ alẹ́."

"Àmín!"

Awakọ̀ ti tan ọkọ̀. Sẹ̀kínátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Bàdírù, mi ò gbọ́ tìrẹ."

"Àmín, Màámi," ni Bàdírù wí, ọkọ̀ sì gbéra.