Wọ́n Wọn Ṣílè Ìbídùn Mọ́ Ti Gbogbo Ìlú

Mo lá àlá kan lóru àná, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó dúró kí n sọ ọ́ tán.

Ìbídùn ìyàwó mi, tó kú ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ní ṣílè fàdákà kan láti ayé òyìnbó, kò sì ná an títí ó fi lọ. Ó máa ń sọ pé lẹ́tà kékeré kan wà lábẹ́ igi ọ̀pẹ tí wọ́n yà sára rẹ̀ tí kò sí lára ṣílè mìíràn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ní kí n wá wò ó. Ọwọ́ mi máa ń dí.

Nínú àlá náà, mo ti kó ṣílè yìí mọ́ ti àwọn ará ìlú, mo sì ti tà wọ́n ní ìwọ̀n fún Ilé Iṣẹ́ Òṣùwọ̀n. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n máa yọ́ gbogbo wọn nínú iná. Mo ní láti yọ ti Ìbídùn kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ilé iṣẹ́ náà léfòó lókè ọjà, okùn kan ṣoṣo ló dè é mọ́ igi orombó. Mo gun àkàbà lọ. Ìránṣẹ́ kan jókòó láàárín àkàbà, ó bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní ara mi ni. Ó ní kí n padà lọ gba ìwé lọ́wọ́ ara mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbà á, mo tún gùn ún.

Òṣùwọ̀n ńlá kan wà láàárín ilé, ó dé fìlà. Wọ́n gbé olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìṣirò lé e. Òṣùwọ̀n ní, “Fúyẹ́.” Wọ́n gbé olóyè kan lé e, òun àti agbádá rẹ̀ àti ohun tó wà lápò agbádá. Òṣùwọ̀n ní, “Fàdákà pọ́nńbélé.” Mo rí i pé bàbà ti yọjú níbi tí olóyè ti fara ha ìlẹ̀kùn. Akọ̀wé kan fi òǹtẹ̀ bò ó.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adégbuyì, pè mí.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?”

“Ṣílè ìyàwó mi.”

“Èwo nínú wọn?”

“Èyí tó yàtọ̀.”

“Kò sí èyí tó yàtọ̀. A ti fòfin dè é. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, àwọn yòókù á ní àwọn náà fẹ́ yàtọ̀. Ta ló máa wá jẹ́ kí á wọn òun?”

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ó mú fọ́ọ̀mù. Kó tó fọwọ́ sí i, etí rẹ̀ gùn, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Irùngbọ̀n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jẹ fọ́ọ̀mù náà. Mi ò bínú. Mo ti ṣe akọ̀wé ìjọba fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo kí i kú oúnjẹ, mo sì béèrè fún ẹ̀dà kejì.

“Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,” òbúkọ ní.

Ewúrẹ́ méjì tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Nígbà náà ni àpò tí wọ́n kó ṣílè sí tú. Àwọn ṣílè jáde, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ìjọ, kálukú pẹ̀lú igi ọ̀pẹ tirẹ̀. Mo pe Ìbídùn. Gbogbo wọn dáhùn. Mo ń gbé wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń dán, kò sí lẹ́tà lára ẹnikẹ́ni. Iná ti ń jó lẹ́yìn mi. Èyí tí mo gbé kẹ́yìn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

“Bàbá Mórẹ̀nikẹ́, èmi nìyí.”

“Lẹ́tà rẹ dà?”

“Ẹ bi ara yín. Ẹ fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó mi kí ẹ tó tà mí, kí n lè dán lójú ewúrẹ́. Ó bá omi lọ.”

“Mo rò pé ìdọ̀tí ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ fẹ́ràn ìmọ́tótó jù.”

“Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ pé ìwọ ni?”

“Ṣé ẹ ò mọ ohùn mi ni?”

Òbúkọ ní ilé iṣẹ́ àwọn kì í gba ohùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó fi ẹnu já a gbà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú iná. Iná náà ń dún ṣàṣà, ṣàṣà.

Mo jí. Ìró náà kò dákẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá.

Mo jáde. Mórẹ̀nikẹ́ ọmọ mi ló ń fi iyanrìn bó ìkòkò irin tí ìyá rẹ̀ fi ń se ẹ̀wà. Ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù dúró tì í, ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dání.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá,” Mórẹ̀nikẹ́ kí mi. “Ó ní bó bá mọ́, òun á fi nǹkan lé owó rẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìkòkò náà. Apá kan ti ń dán. Ní apá kejì, èédú ṣì dì í, àfi ibi méjì létí rẹ̀ tó ti pá, níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú bí wọ́n bá ń sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná. Ibẹ̀ kò fẹ̀. Ọwọ́ Ìbídùn kéré.

“Fi dúdú tó kù sílẹ̀,” mo wí fún un.