Ẹ̀fọ́ Tí Kò Fẹsẹ̀ Kanlẹ̀

Ilé ìwé tí kò ní ilẹ̀ ni wọ́n gbé olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn lọ. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀, láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, mú un yí ọgbà po, ó ní, "Ẹ wo ibi tó bá wù yín." Olùkọ́ wò títí, kò rí ibi tí a lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀, ká má tí ì sọ ọkọ́. Ó wá ní òun yóò kọ́ àwọn ọmọ láti gbin ẹ̀fọ́ sínú omi.

"Omi?"

"Omi, mà. Omi àti ajílẹ̀ tí a pò mọ́ ọn. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀ rárá."

Ọ̀gá àgbà fún un ní yàrá kan tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n sí tẹ́lẹ̀. Ó ní bí òun bá rí ẹ̀fọ́ tó ṣeé jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn sáà, yàrá di ti ẹ̀fọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn àga tó kán ni wọn yóò kó wọ ibẹ̀. Àwọn àga náà kò ní sùúrù. Kí irúgbìn tó hù ni wọ́n ti tò sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, bí àlejò tó ti gbóòórùn oúnjẹ.

Olùkọ́ àti àwọn ọmọ lu ihò sára páìpù, wọ́n gbé páìpù náà kọ́ ara ògiri, kí orí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan gba ife ike kan, ife kọ̀ọ̀kan gba ègé fóòmù kan, fóòmù ni létúùsì, ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní tútù, fi ṣe ìrọ̀rí. Pọ́ǹpù kékeré tó wà nínú ọpọ́n nísàlẹ̀ ni yóò ti omi lọ sókè, omi á ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ àwọn ẹ̀fọ́, á tún padà sínú ọpọ́n. Àwọn olùkọ́ yòókù sọ ọ́ ní Ìyá Olómi. Kò ká a lára. Ẹni tó fi ọ̀sán fọ abọ́ fún oníbúkà, tó fi alẹ́ kàwé kó tó di olùkọ́, orúkọ tí wọ́n ti pè é rí burú ju ìyẹn lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yìí kò yé ni bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni Bàbá, títí di ọjọ́ tí wọ́n la títì gba àárín oko rẹ̀. Ìyá Olómi rántí ọjọ́ náà bí àná: katakátá kọ́kọ́ wó ahéré, lẹ́yìn náà ló gun orí ebè, Bàbá sì jókòó sórí kùkùté, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo ilẹ̀ tó kù fún un wà nínú ìkòkò kan lójú fèrèsé, ata kan ló sì wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ tí ọmọ rẹ̀ bá ń jáde, ìbéèrè kan náà ni.

"Àwọn atukọ̀ rẹ ńkọ́? Wọn ò tí ì rì?"

"Wọn ò tí ì rì, Bàbá. Inú omi ni wọ́n ń gbé."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn, Ìyá Olómi gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sílé. Bàbá gbé e wá. Kíláàsì ni ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n bá ní kí Bàbá dúró nínú yàrá ẹ̀fọ́. Nígbà tí Ìyá Olómi débẹ̀, ó bá bàbá rẹ̀ tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo ibi tí wọ́n ti ṣí ife kan, tí gbòǹgbò rọ̀ sísàlẹ̀.

"Wọ́n funfun," ni Bàbá wí. Ó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, pọ́ǹpù kò dún. Orí àwọn létúùsì ti ń tẹ̀ bí ti ẹni tó ń tòògbé ní ìpàdé. Ìyá Olómi tú pọ́ǹpù: ó ti jóná, ẹrẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ó ṣí ife kan, ó ṣí òmíràn. Erùpẹ̀ ló wà nínú wọn.

"Ta ló da erùpẹ̀ sínú ife?"

Gbogbo kíláàsì ló bi. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀sùn kọjá láìdá sí i, ló dìde.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti fẹ́ rí erùpẹ̀? Ẹni tó bá ṣubú nílé ìwé yìí, sìmẹ́ńtì ló ń bó o lórúnkún."

Òótọ́ ni. Ìyá Olómi wo erùpẹ̀ tó wà níka rẹ̀. Èèpo ẹyin tí wọ́n gún kúnná wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń gún èèpo ẹyin fún ata.

Ẹni náà kan ilẹ̀kùn, ó wọlé pẹ̀lú fìlà tó fi ń ròde. Ìyá Olómi fúnra rẹ̀ ló pè é pé kó wá wo ìkórè.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi erùpẹ̀ sí i?"

"Èmi ni. Nírọ̀lẹ́ àná ni mo bù ú wá látinú ìkòkò ata."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, wọn ò kan nǹkan kan. Àánú wọn ṣe mí. Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú ni mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn nílé."

"Omi nilé wọn, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Àràárọ̀ ni mò ń sọ fún yín."

"Mo rò pé àwàdà lò ń ṣe ni."

Inú bí Ìyá Olómi, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ fọ ẹsẹ̀ gbogbo ẹ̀fọ́, kí wọ́n da omi ẹlẹ́rẹ̀ nù, kí wọ́n po tuntun. Iṣẹ́ pọ́ǹpù, ọwọ́ ni wọn yóò fi ṣe é: kí wọ́n bu omi nísàlẹ̀, kí wọ́n dà á lókè, láìdúró. Orí páìpù ga ju àwọn ọmọ lọ. Wọ́n jáde lọ kó àga wọlé. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ tó, wọ́n fi ti ògiri.

Ó rẹ ẹni àkọ́kọ́, ó rẹ ẹni tó tẹ̀ lé e. Lọ́yà na ife sí Bàbá.

"Bàbá, ó kàn yín."

"Àgbẹ̀ ni mí. Èmi kì í ṣe òjò."

"Ẹ kì í ṣe òjò lánàá. Ẹ ti di òjò lónìí. Ẹ rọ̀, Bàbá."

Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo omi. Ó ṣí fìlà, ó gun àga, ó rọ̀. Ó rọ̀ dáadáa, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti retí òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì mọ bí òun ì bá ti fẹ́ kó wá. Díẹ̀díẹ̀, àwọn létúùsì gbé orí sókè.

Báyìí ni ọ̀gá àgbà bá wọn. Ó wo àga, ó wo àwọn ọmọ, ó wo àgbàlagbà tó ń da omi.

"Mo rí i pé ẹ ti kó àwọn àga wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ìyá Olómi wí.

"Ta ni bàbá yìí?"

Kí Ìyá Olómi tó lanu, Lọ́yà ti dáhùn. "Pọ́ǹpù wa ni, mà."

"Ẹ káàsán o, ọ̀gá," ni Bàbá wí. Kò dáwọ́ omi dúró.

Ọ̀gá àgbà já ewé kan, ó jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń gbọ́ bó ti ń dún lẹ́nu rẹ̀. Ó tún já òmíràn.

"Mo ní bí mo bá rí ẹ̀fọ́ jẹ, yàrá di ti ẹ̀fọ́. Bí n kò bá rí i, kí àga wọlé." Ó ronú. "Ẹ̀fọ́ rèé. Àga rèé. Ọ̀ọ̀dẹ̀ sì ti gba ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn gbé." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ wá pọ́ǹpù mìíràn. Kí ìyẹn lè sinmi."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Bàbá di ẹrẹ̀ inú pọ́ǹpù sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e lọ́wọ́. Ó dá a padà sínú ìkòkò ata, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Olómi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń retí ìbéèrè Bàbá.

"Bá mi kí àwọn atukọ̀," ni Bàbá wí.

"Wọ́n á gbọ́, Bàbá."

"Sọ fún wọn pé òjò ń bẹ nílé. Bí wọ́n bá nílò rẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́."