Ẹ̀tẹ̀ Kọ́, Ìdílé Ni

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ èmi Sẹ̀gilọlá, ẹ gbé àpótí yín wá. Ẹni tó bá jókòó jìnnà, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò gbọ́ o!

Ó ku díẹ̀ kí ìlú yìí gba òmìnira nígbà tí Fàsásì wá fẹ́ mi. Sàláúdéènì, télọ̀ Bẹẹrẹ, ló bí i. Yìgì wa ti súnmọ́lé nígbà tí alárinà sáré wọ agbo ilé wa l'Ọ́jà'ba, tó ń mí hẹlẹ.

"Bàbá Sẹ̀gi, ẹ má fọmọ yín sílé adẹ́tẹ̀ o! Mo rí ìgbọ̀nwọ́ télọ̀ yẹn, ó ń bó bí èèpo igi. Ìka rẹ̀ wú, ó sì ká kò!"

Yẹ̀kínì bàbá mi ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. Mo sunkún, ẹkún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dorin.

Ilẹ̀ mọ́, Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ wọlé, ó ká apá aṣọ sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kò sì lè ràn yín. Àìsàn awọ ara ni, ìdílé ló ń bá rìn. Òun náà ló wọ oríkèé ìka mi. Bàbá mi ní in, èmi náà ní in. Àbúrò mi ò ní in rárá."

"Fàsásì ńkọ́?" ni bàbá mi bi í.

"Ó lè mú un, ó lè fò ó. Dókítà gan-an ò lè búra."

Bàbá mi mi orí. Èjìdé, ìyá tó bí i, ń lẹ ṣòkòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Àna, ẹ mọ́wọ́ wá."

Kí a tó mọ̀, ìyá àgbà ti fabẹ́rẹ́ gún un níbi tó ń bó.

"Yéè! Ìyá, ẹ pa mí o!"

"Ẹ gbọ́? Ẹ̀tẹ̀ kì í jẹ́ kára mọ abẹ́rẹ́. Adẹ́tẹ̀ wo ló ń ké báyìí?" Ó kọjú sọ́mọ rẹ̀. "Yẹ̀kínì, ikọ́ tó ń fọn fèrè láyà ẹ, ọjà lo ti rà á? Lára mi ni! Ara bàbá mi lèmi náà ti rí i. Bí wọ́n bá torí ẹ̀ kọ̀ mí, ta ni ì bá bí ẹ?"

Bàbá mi fẹ́ fèsì, ikọ́ gbé e, fíì, fíì! Ilé rọ́ ẹ̀rín. Mo fò dìde:

*Èyí tó wá lẹ́jẹ̀ kì í ràn,*
*Ẹ jẹ́ n lọ́kọ mi!*
*Ẹni tí ò lábùkù nílé,*
*Kó jáde ká rí i!*

"Ó dáa," ni bàbá mi wí nígbà tó sinmi, "inú àwo kan ni gbogbo wa ó ti jẹun."

A so yìgì. Nínú ọmọ tí mo bí, ẹ̀kẹta nìkan ni àìsàn náà mú, ó sì ń jó jù mí lọ.

Lọ́jọ́ yìgì yẹn, Sàláúdéènì ló kọ́kọ́ ki ìka wíwú bọ inú àwo iyán, bàbá mi tẹ̀lé e. Alárinà ló gbẹ̀yìn, àmọ́ òun ló lá àwo. Kálukú yó, wọ́n sì ń kọrin mi relé.