Ọwọ́ Ọláṣùpọ̀

Ẹni tó bá rí Ọláṣùpọ̀ nídìí fáíbúrétọ̀ rí, kò lè gbàgbé. Irin pẹlẹbẹ gbọọrọ kan ni ẹ̀rọ náà, ẹ́ńjìnnì kékeré jókòó lé e lórí, ọwọ́ méjì sì yọ síta lára rẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ ó fa okùn rẹ̀, yóò pariwo, yóò máa gbọ̀n rìrì, ẹ ó sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí kọnkéré tútù. Òkúta á rì, omi sìmẹ́ńtì á gòkè wá, ilẹ̀ á wá dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Àwọn bíríkìlà mìíràn máa ń bá ẹ̀rọ náà jà ni, wọn a máa ṣépè fún un. Ọláṣùpọ̀ kì í bá a jà. Ńṣe ló máa ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó sùn lórí ìdúró.

Ọ̀gá Godwin tó ń gbé iṣẹ́ fún un ló ni ẹ̀rọ náà. Owódé Onírin ló ti rà á ní àlòkù, láàárín irin tí ẹlòmíràn ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún un ṣe títí ó fi jí. Rọ́bà tó yẹ kó wà lára ọwọ́ ẹ̀rọ náà, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má bàa wọ ara ẹni tó dì í mú, ti já dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ Godwin, àkísà ni wọ́n wé mọ́ ọn. Láti Kétu dé Ìkòsí, ilẹ̀ ilé epo, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí, Ọláṣùpọ̀ ló fi ẹ̀rọ yìí dán wọn. Godwin a máa sọ pé, "Èmi, ẹ̀rọ ni mo sanwó ẹ̀ o. Ọwọ́ Ọláṣùpọ̀, jàrá Ọlọ́run ni."

Ọwọ́ náà ló sì fẹ́ Mojí fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mojí Ṣóbọ̀wálé, ọmọ Ṣágámù tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Kétu, ní kì í ṣe ojú ọkọ òun lòun kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ rẹ̀ ni, lọ́jọ́ tó wá ṣe ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan kọnkéré wò bóyá ó ti le tó. Ó ń kàn án bí ìyá ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Mojí ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ń wò ó, òun sì sọ nínú ara òun pé ẹni tó bá ní irú ọwọ́ yìí máa mọ ọmọ gbé.

Ọmọ ò tètè dé. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì ń gbàdúrà, wọ́n ń tu ara wọn nínú. Kí ọmọ tó wá dé, nǹkan ti ṣe ọwọ́ náà.

Bí àwàdà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn á pa ẹ̀rọ, ọwọ́ Ọláṣùpọ̀ ò ní gbà pé iṣẹ́ ti parí. Á ṣì máa gbọ̀n nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò tó, bí oyin tó ń kùn nínú ihò igi. Á gbé ariwo náà délé, á gbé e dórí ẹní. Lójú oorun, á rí ara rẹ̀ lórí Odò Ògùn, á máa fa fáíbúrétọ̀ lórí omi, omi á máa le lẹ́yìn rẹ̀, á máa dán, àwọn ará Ajégúnlẹ̀, àdúgbò rẹ̀ létí odò náà, á sì máa rìn lórí rẹ̀ lọ sọ́jà láì tutù lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àlá náà. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ jí.

Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọyẹ́, ìka rẹ̀ a máa funfun bí ẹfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo inú ọwọ́ dákẹ́, gbogbo nǹkan yòókù sì bá a dákẹ́. Kò mọ bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ihò rẹ̀ mọ́ àfi tó bá wò ó. Lọ́jọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìró fífọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó mọ̀ pé òun ò mú un dání mọ́. Tíì gbígbóná ta sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló ta á.

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọláṣùpọ̀ mọ òwe náà, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Akínbíyì, tó ń fa ẹ̀rọ yẹn kó tó kan Ọláṣùpọ̀, ti sọ fún Godwin rí pé ọwọ́ òun ti ń kú. Godwin kí i pẹ̀lẹ́, ó bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mojí ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin tó tìtorí ọwọ́ fẹ́ òun? Ọláṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Tó bá ti rí i tí dídán ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á mọ̀ pé ó ti le, á sì ṣe bí ẹni kàn án.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n bí Ìbùkúnolúwa, ọmọbìnrin pupa, onírun púpọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Ọláṣùpọ̀ rí ìka ara rẹ̀ lábẹ́ orí ọmọ, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Kò mọ̀ bóyá òun dì í le jù, kò mọ̀ bóyá òun ti ń jù ú sílẹ̀. Ife tíì yẹn ló rí. Ó dá ọmọ padà fún nọ́ọ̀sì, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, kò sì gbé ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní kí bàbá gbọ́mọ, ó ní òun ń lọ bá wọn wá àga. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ o. Á jókòó tì í, á wò ó títí, á kọrin fún un, á máa fi ìwé ìròyìn àtijọ́ fẹ́ ẹ lójú kí eṣinṣin má bà á. Ṣùgbọ́n bí Mojí bá ti ní, "Daddy Ìbùkún, ẹ bá mi gbé e kí n fi fa omi," iṣẹ́ kan á ti sọ sí i lọ́kàn níta. Mummy Success, aládùúgbò wọn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn, sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tó mọ̀ dájú pé Mojí ń gbọ́: "Bàbá tí kì í gbé ọmọ ẹ̀, ó ní nǹkan tó mọ̀."

Mojí wọlé, ó sunkún. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ retí ọmọ, ọkọ tí wọ́n jọ retí rẹ̀ náà ló wá ń kọ ọmọ yìí. Ó dùn ún dé egungun.

Síbẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á bá a fọ ẹ̀yìn. Sìmẹ́ńtì kì í fi ẹ̀yìn bíríkìlà sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọláṣùpọ̀ á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, Mojí á fi kànìnkànìn bó o, nígbà tí inú bá sì ń bí i, ó máa ń bó o kanlẹ̀.

"Rọra, Mojí. Ẹ̀yìn èèyàn ni, kì í ṣe ògiri."

"Ẹ má bínú," Mojí á ní, kò sì ní rọra.

Oṣù kẹwàá dé, òjò òkè sọ̀ kalẹ̀, Odò Ògùn kún. Ará Ajégúnlẹ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, Ọláṣùpọ̀ la ojú, ó rí i tí ilẹ̀ yàrá ń dán. Ó rò pé inú àlá náà lòun wà. Ilẹ̀ dán gan-an bí kọnkéré tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, bàtà Mojí ẹsẹ̀ kan sì ń lọ lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Kò bà á lẹ́rù. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì kó lè kàn án wò bóyá ó ti le.

"Daddy Ìbùkún, ẹ dìde," Mojí ní. "Omi ti wọlé."

Kí wọ́n tó di ẹrù díẹ̀, omi ti dé ìbàdí Ọláṣùpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣì wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń kó àwọn tó wà létí odò. Mojí kúrú. Omi tó dé ìbàdí lára ọkọ, àyà ló dé lára tirẹ̀. Ó na ọmọ sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ ga."

Ọláṣùpọ̀ kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ohùn Mojí ò lọ sókè nígbà tó sọ̀rọ̀. "Lónìí náà? Kódà nínú omi yìí, ẹ ò ní gbé e? Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Ṣé ẹ ò gbà pé ọmọ yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gbá a láyà. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò ronú débẹ̀ rí. Ó rò pé òun ń dáàbò bo ọmọ ni, kò mọ̀ pé ìtìjú lòun ń dà lé ìyá rẹ̀ lórí.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Mojí, ọmọ mi ni. Ọwọ́ mi ló ti kú. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìka, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi yìí, mi ò ní mọ̀ àfi tí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀."

Mojí gbé ọmọ sí èjìká kan. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, ọwọ́ tó tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ki ìka kan bọ ẹnu, ó sì gé e jẹ. Kì í ṣe eré. Eyín wọlé, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ọláṣùpọ̀ kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn.

Mojí tú ìka náà sílẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹrù tó ti ń rù láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ni. "Ẹ wá jẹ́ kí n máa fi ẹkún sùn," ó ní. Ó fa ọ̀já yọ láti inú ẹrù. "Ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni?"

"Mo ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ló kú, ẹ̀yìn ò kú. Ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí n sinmi, rọra Mojí, rọra Mojí."

"Mummy Success ń wò wá lójú fèrèsé."

"Kó wò ó dáadáa."

Ọláṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mojí gbé Ìbùkúnolúwa lé e lẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n sókè nítòsí èjìká kí omi má bàa dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ta ọ̀já yí wọn ká, ó so ó, ó fà á wò, ó tún un so. Ó gbé ẹrù karí.

"Ìwọ ni kí o di ọwọ́ mi mú," Ọláṣùpọ̀ ní. "Má gbọ́kàn lé e pé mo di tìẹ mú."

Wọ́n wọnú omi. Kò sí atẹ́gùn. Omi tẹ́ lọ rẹrẹ, oòrùn àárọ̀ tàn sórí rẹ̀, òrùlé páànù gbogbo àdúgbò dorí kodò sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti àlá yẹn. Ṣùgbọ́n èyí ò le lábẹ́ ẹsẹ̀. Kọnkéré ọ̀nà àdúgbò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọláṣùpọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi fáíbúrétọ̀ dán ọ̀nà náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn ará ilé dá sìmẹ́ńtì jọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rántí gbogbo rẹ̀, ibi tó dán, ibi tó dagun díẹ̀ kí òjò lè ṣàn, ibi tó parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá a, ó ń rí i, Mojí sì rọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìgbà náà ló kọ́kọ́ mọ ìwúwo ọmọ. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ló mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, rọ̀bọ̀tọ̀, tó fi tì í lábẹ́ ọrùn, àti èémí tó gbóná díẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àyà kékeré kan ń lù lára egungun ẹ̀yìn rẹ̀, kíákíá, kò dúró. Gbogbo ara Ọláṣùpọ̀ gbọ́ ọ. Ó ti ní ọmọ láti ọjọ́ yìí wá, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

Wọ́n kọjá lábẹ́ fèrèsé. "Daddy Ìbùkún," Mummy Success ní, ó na ọrùn síta, "ẹ̀yin lẹ wá pọn ọmọ?"

"Ọmọ wọn ni," Mojí dá a lóhùn, kò sì wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n gòkè sí ojú títì Owódé, níbi tí omi mọ, aṣọ Ọláṣùpọ̀ tutù láti ìbàdí dé ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ ọmọ ṣì gbẹ. Ibẹ̀ náà ni nǹkan gbígbóná kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, kò kánjú. Ọláṣùpọ̀ dúró láàárín ọ̀nà, kò mira.

Mojí rí aṣọ tó rin. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀já. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ti tọ̀ sí yín lára."

"Mo mọ̀," Ọláṣùpọ̀ ní, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Má tíì sọ̀ ọ́."