Fóònù Orí Àmù

Fóònù tó bá ti gbó, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ti Rebecca ń fi hàn lójú pé iná tó kù nínú òun lé ní ìlàjì, àmọ́ bó ṣe tẹ nọ́ńbà Mùkáílà ọlọ́kadà báyìí, ó kú fin-ín. Ó tún un tàn, ó gbé e sétí. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré, ó tún kú.

"Ìwọ fóònù yìí, Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́!"

Nínú ilé, Ọmọ́tárá, ìyàwó Bámiṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ń rọbí. Omi ti dà láti ìdájí. Bámiṣẹ́ wà níbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ ọjà Lanlate sì ni, gbogbo abúlé ti dá páropáro, àwọn arúgbó tí ò lè rìn nìkan ló kù. Bí Mùkáílà ò bá gbé ọ̀kadà wá, ẹsẹ̀ wo ni aboyún fẹ́ fi rìn dé ọsibítù?

"Màámi, mò ń kú o!"

"O ò ní kú! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Rebecca ti fóònù bọ àyà, ó sáré wọlé, ó di aboyún náà mú pinpin. Ọyẹ́ ń jà lóde débi pé ètè ń bẹ́, síbẹ̀ òógùn bo àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìrora náà dẹwọ́ díẹ̀, ó yọ fóònù, ó tàn án. Ó wò ó títí, kò kú. Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó yé Rebecca wàyí: òtútù ló ń pa á. Àmù! Hàkímù tó ń tún fóònù ṣe ní Èrúwà ló kìlọ̀ fún un pé bátìrì náà ti gbó, kó má jẹ́ kó máa gbóná, kó má baà wú. Oòrùn lẹni ẹlẹ́ni ń sọ. Rebecca bá gbé tirẹ̀ lé ọmọrí àmù, ibẹ̀ ló sì ń sùn láti ìgbà náà, òtútù àmù lábẹ́, ọyẹ́ lókè.

"Yéè! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi!"

Kó lè móoru dáadáa kó tó tún pè, ó fa ọ̀já tuntun tí wọ́n rà de ọmọ yọ, ó fi di fóònù mọ́ ikùn lábẹ́ bùbá. Ó ń rìn káàkiri yàrá, ó ń gbàdúrà, ó ń ṣépè. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó yọ ọ́, ó pè.

"Hẹ́lò?"

"Mùkáílà! Ọmọ́tárá—"

Ó kú.

"Ó ń rọbí! Mùkáílà, jọ̀ọ́, ó ń rọbí!" Òkú fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀kadà lójúde, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mùkáílà ti bọ́ sílẹ̀.

"Orúkọ ẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, Màmá. Bẹ́ ẹ ṣe pariwo ẹ̀ ló gbé mi sọ́nà."

Wọ́n gbé Ọmọ́tárá sáàárín. Rebecca gun ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀já so ó mọ́ ara rẹ̀ kó má baà já bọ́.

Ọjọ́ ò tíì kanrí tí ohùn ọmọ fi gba ọsibítù kan.

"Ọkùnrin ni," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ pe bàbá ọmọ."

Rebecca tẹ fóònù. Ó dúdú kirikiri. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bú u. Ó tì í bọ àyà, ó gbé ọmọ lé e lórí, ó sì ń dúró kó móoru.