Ẹni Tí Kò Fẹ́ Dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́tò

Nígbà tí Oyèbọ̀dé ti Èkó dé sí Ìkàrẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dẹ́rẹ́bà, ó ti gbàgbé pé Èpìnmì ni wọ́n bí òun sí. Ọdún méjì péré ló lò ní Èkó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ ìlú bàbá rẹ̀, ẹ ó rò pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tuntun ni. Ó wọ káàkì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi gan bíi pákó, ó wọ bàtà pupa, ó sì fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ nínú oòrùn Àkókó. Ìbọ̀wọ́! Àwọn àgbẹ̀ Sósàn tó kọ́kọ́ rí i béèrè bóyá iná ló jó o lọ́wọ́.

Badmus, oníṣòwò obì tí gbogbo Ìkàrẹ́ mọ̀, ló ni mọ́tò tó ń wà. Láyé ìgbà náà, bí mọ́tò bá ké lókè Àkùngbá, àwọn èèyàn á fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko, wọn á sáré wá wò ó. Oyèbọ̀dé á wá na ọrùn sókè bí àkùkọ tó rò pé òun ló ń mú kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mọ́tò náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ jíà rẹ̀, inú epo sì ni àwọn irin jíà náà ń gbé. Bí epo bá dín, ọ̀já tó di irin wọ̀nyẹn mú á jóná, mọ́tò á máa pariwo lásán láì rìn. Ẹnu irin kékeré méjì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Oyèbọ̀dé níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé láràárọ̀, kó tó jí ẹ́ńjìnì, kó gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó wọ abẹ́ rẹ̀, kó sì ṣí ẹnu ìsàlẹ̀. Bí epo bá kán, ó dára. Bí kò bá kán, kó bu epo kún un títí yóò fi yọ lẹ́nu òkè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n èèyàn ní láti dojú bolẹ̀ kó tó lè wọ abẹ́ mọ́tò. "Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún irin?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọba nìkan lòun ń dọ̀bálẹ̀ fún, ìyẹn náà bí kò bá sí ẹrẹ̀ nílẹ̀. Kí sítáàṣì má baà wó, ó fi oṣù kan gbáko wa mọ́tò onímọ́tò láì wo epo rẹ̀. Ó ní etí lòun fi ń gbọ́ ọ.

Mọ́tò kọ́kọ́ dá dúró ní Àkùngbá, Oyèbọ̀dé ní ọ̀nà ni kò dára. Mọ́tò tún dá dúró lórí òkè Ọ̀kà, Oyèbọ̀dé ní obì Badmus ló wúwo jù. Badmus kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó kàn pè é, ó ní, "Oyèbọ̀dé, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wàá gbé Limota ìyàwó mi tuntun wá láti Ọ̀kà. Bí mọ́tò yẹn bá dá dúró pẹ̀lú ìyàwó mi nínú rẹ̀, Hámzàt ni màá fún ní kọ́kọ́rọ́. Wàláhì."

Hámzàt ni géńdé tó ń fọ mọ́tò náà. Kò ní bàtà kankan. Ọ̀rọ̀ yìí gún Oyèbọ̀dé dé egungun. Kí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ òun fún ẹlẹ́sẹ̀ lásán? Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó wa mọ́tò dé Ìwàrò-Ọ̀kà, ó gbé e síwájú ilé bàbá Limota. Gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ òkè ni ilé náà wà. Imú mọ́tò kọjú sókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì fi òkúta há táyà. Memunat elépo ló ń kọjá lọ. Àpáta kan wà nísàlẹ̀ ilé náà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ ni ìyá yìí ti máa ń wọn epo pupa rẹ̀. Ó wo mọ́tò, ó wo òkúta tó há táyà.

"Ọmọ mi, ṣé nǹkan yìí ń mu epo?"

"Ó ń mu ún, Ìyá. Màá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọ̀la."

"Níbí yìí?" Memunat mi orí. "Gbé e lọ sórí àpáta wa. Ẹni tó bá wọn epo ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn. Epo kì í parọ́, ilẹ̀ tí a gbé e lé ló ń parọ́."

Oyèbọ̀dé fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ le. "Ìyá, ẹ lọ wọn epo ọbẹ̀ yín. Epo mọ́tò lèyí. Ẹ wo ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí, òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́!"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn. Memunat ní, "Ó dáa, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà," ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí kò jẹ́ jẹ́wọ́ ni pé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ wí ní Èkó gan-an ni obìnrin náà wí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá gbé mọ́tò lọ sórí àpáta, gbogbo Ìwàrò á mọ̀ pé elépo ló kọ́ ọ. Òmùgọ̀ ọkùnrin!

Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó bọ́ káàkì sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò níbi tó wà gan-an. Ẹ̀rù Hámzàt ṣe ohun tí ìkìlọ̀ ọ̀gá kò lè ṣe. Ó ṣí ẹnu ìsàlẹ̀, epo kán. Ó ṣí ẹnu òkè, epo tún kán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lábẹ́ ibẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ pé ibo ni ìdí mọ́tò kọjú sí. Ìwọ̀nba epo tó ṣẹ́ kù ti ṣàn sẹ́yìn, síbi tí ẹnu irin méjèèjì wà. Ó dá agolo epo rẹ̀ padà sábẹ́ àga láì ṣí i.

Nígbà tí oòrùn yọ, àlùfáà ṣàdúrà fún Limota lẹ́nu ọ̀nà. Nílé wọn, ìyàwó tó bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ kì í padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Limota wọ mọ́tò, wọ́n gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e, Oyèbọ̀dé sì tẹ jíà. Wọ́n gun òkè dé àárín. Níbẹ̀ ni òórùn ti sọ, bí ìgbà tí àkísà bá bọ́ sínú iná. Ẹ́ńjìnì ń ké, táyà kò yí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, òógùn kún inú ìbọ̀wọ́. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn, sọ́nà ilé bàbá ìyàwó.

"Dẹ́rẹ́bà, dá a dúró!" Limota ti ṣí ilẹ̀kùn. "Wọn ò ní kí n fi ẹ̀yìn lọ ilé ọkọ!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, òun àti àwọn obìnrin ilé wọn sì dojú kọ ọ̀nà Ìkàrẹ́. Kò wẹ̀yìn.

Àwọn ọkùnrin di mọ́tò mú, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibo ló máa dúró sí láì yí lọ? Ibi kan ṣoṣo ló wà. Memunat wà lórí àpáta, ó ń wọn epo tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà Ìkàrẹ́. Ó ní kí wọ́n gbọ́n èlùbọ́ sápá kan. "Ẹ fún ọ̀gá dẹ́rẹ́bà láyè."

Kò sí ìdájí tó lè fi sá pamọ́ mọ́. Lójú gbogbo Ìwàrò, Oyèbọ̀dé fi àyà lélẹ̀ tòun ti káàkì àti sítáàṣì, ojú rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ elépo. Ó ṣí ẹnu ìsàlẹ̀.

"Ó kán?" Memunat bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ó fi ìka tọ́ ẹnu irin náà wò.

"Mo ní, ṣé ó kán?"

"Kò kán, Ìyá."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín níbẹ̀, ó gbọ́ ọ láti abẹ́ mọ́tò. Ó da odidi agolo epo sínú rẹ̀ títí ó fi yọ lẹ́nu òkè. Ó jí ẹ́ńjìnì, ó tẹ jíà. Ariwo lásán ni. Ọ̀já ti jóná, kò sì sí epo tó ń sọ eérú di ọ̀já.

Ó wá ku àpótí ìyàwó. Gbogbo ọkùnrin Ìwàrò rántí lójijì pé àwọn ní iṣẹ́ lóko. Memunat wé òṣùká, ó gbé e lé orí Oyèbọ̀dé. "Orí dẹ́rẹ́bà kò mọ ẹrù," ó ní, "ẹ rọra gbé e rù ú."

Bí wọ́n ṣe kọjá Àkùngbá nìyẹn, elépo níwájú, ẹni tó ti Èkó dé lẹ́yìn. Bàtà pupa bù ú jẹ, ó bọ́ ọ, ó so ó kọ́ ọrùn. Àwọn tó máa ń fi ọkọ́ sílẹ̀ wá wo mọ́tò tún fi ọkọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ìkàrẹ́, àwọn èèyàn ń jáde nínú mọ́ṣáláṣí. Limota ti dé, ó jókòó, ó ń mu omi. Badmus àti Hámzàt dúró lẹ́nu ọ̀nà. Badmus wo eruku èlùbọ́ tó funfun láti àyà Oyèbọ̀dé dé orúnkún.

"Ta lo dọ̀bálẹ̀ fún?"

Oyèbọ̀dé tún àpótí orí rẹ̀ ṣe.

"Èmi kọ́ o," Memunat ní. "Mọ́tò yín ni, lórí àpáta èlùbọ́ wa tó tẹ́jú. Ó pẹ́ kó tó kí i."

Badmus na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ méjèèjì Oyèbọ̀dé ló wà lára àpótí, kò lè mú nǹkan kan. Hámzàt bá rìn wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ó ki ọwọ́ bọ àpò káàkì náà, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó wá yíjú sí elépo.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni àpáta yẹn wà?"